Olójú-Ńlá àti Bàbá Tó Ń Ya Ènìyàn Bó Ṣe Rí

Ojú tirẹ̀ gan-an kéré. Ó kéré débi pé bó bá rẹ́rìn-ín, ẹ ò ní rí i mọ́. Àmọ́ Olójú-ńlá ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é, nítorí àwọn ènìyàn tó máa ń yà. Ọmọbìnrin tó bá ti abẹ́ kálàmù rẹ̀ jáde, ojú rẹ̀ á tóbi, á máa dán bí omi inú abọ́ tí oòrùn ń ràn sí, imú rẹ̀ á sì kéré bí ìgbà tí wọ́n fi orí abẹ́rẹ́ tọ́ bébà. Àwọn àlejò tó ti gbọ́ orúkọ náà lórí fóònù á wọlé, wọ́n á máa wá olójú ńlá kiri inú yàrá, wọ́n á sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ kí ẹlòmíràn. Kò bínú sí i. Ó ní orúkọ tí iṣẹ́ ẹni bá fúnni dùn ju èyí tí ojú ẹni fúnni lọ.

Yàrá tí wọ́n ti ń yàwòrán wà ní àjà kẹta ilé kan tó kọjú sí ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì ti máa ń yí padà. Ẹ̀bá fèrèsé ni tábìlì rẹ̀ wà: àtùpà ọlọ́rùn gígùn kan, gíláàsì pẹlẹbẹ tí iná ń tàn lábẹ́ rẹ̀, agolo tí kálàmù àti pẹ́ńsù kún inú rẹ̀, àti ife tíì tó máa ń tutù kó tó rántí pé òun po tíì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìwé ìròyìn kan tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó jẹ́ pé àwòrán ni wọ́n fi ń sọ gbogbo ìtàn inú rẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn ará Japan ń gbà yàwòrán ìtàn, èyí tí wọ́n ń pè ní máńgà, ló sì gbòde níbẹ̀.

Kí ẹ tó mọ bó ṣe dé ìdí tábìlì yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ mọ bàbá rẹ̀. Ayàwòrán ni bàbá náà, ènìyàn ló sì máa ń yà. Bó bá fi ọ̀dà ya ọ̀gá báńkì tàbí olórí ilé ẹ̀kọ́, ó kù díẹ̀ kí àwòrán náà wúkọ́. Wọ́n ní akọ̀wé kan wọ ọ́fíìsì lọ́jọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò wá, ó bá àwòrán tí wọ́n gbé ti ògiri, ó kí i káàárọ̀, ó sì dúró de ìdáhùn. Bí àpá bá wà létí rẹ, àpá á wà nínú àwòrán náà. Bí o bá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá ọ yọ ọ́, á ní, "Ẹni tó dá ọ kò yọ ọ́, èmi ta ni tí n óò wá yọ ọ́?"

Òun ló kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ní iṣẹ́ náà. Etí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ya etí títí etí fi ń wọ inú àlá rẹ̀.

"Ohun tí ojú rẹ bá rí ni kó o yà," bàbá á wí. "Má ya ohun tí ọkàn rẹ ń sọ fún ọ. Ọkàn a máa parọ́."

Kó tó jáde ilé ẹ̀kọ́, ọwọ́ rẹ̀ ti já fáfá. Ó ya bàtà ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó gbé àwòrán náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìyá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ na ẹsẹ̀ sí i.

Ìsọ̀ ìwé àlòkù kan ni nǹkan ti yí padà. Ìwé egungun ara ló ń wá níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ bá ìwé kan tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, tó jẹ́ pé ibi tí àwa ń pè ní ìparí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Kò mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, síbẹ̀ ó kà á tán lórí ìdúró. Ohun tó rí níbẹ̀ kò yé e lójú ẹsẹ̀. Òjò ń rọ̀ ní òpópónà kan, àwòrán òpópónà náà sì pé: gbogbo wáyà iná, gbogbo páànù òrùlé, títí dé irin tín-ín-rín inú táyà kẹ̀kẹ́. Bàbá rẹ̀ pàápàá kò lè rí àléébù kankan níbẹ̀. Àmọ́ ọmọbìnrin tó dúró nínú òjò náà, àmì tóótó kan péré ni imú rẹ̀, ìlà kan ni ẹnu rẹ̀. Ó ṣí ojú ewé kejì. Inú ti bí ọmọbìnrin náà, ó sì ti di aràrá olórí ńlá tí kò lọ́rùn, ọwọ́ rẹ̀ rí wúrúkú bíi búrẹ́dì kékeré, òpópónà sì ti pòórá. Ó tún ṣí òmíràn. Ó ń sunkún báyìí, imú rẹ̀ ti di imú gidi, ìka rẹ̀ di ìka gidi, òjìji sì bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan. Ọmọ kan náà ni o! Kò sì sí ẹni tó lè ṣì í mọ̀.

Ó ra ìwé náà, ó sì ń ra irú rẹ̀ níbikíbi tó bá ti rí i. Ó rí èyí tó jẹ́ pé gbogbo ìwúnjọ ojú àwọn arúgbó inú rẹ̀ ni wọ́n yà, pẹ̀lú òógùn àti irùngbọ̀n hẹ́rẹhẹ̀rẹ. Ó rí èyí tó jẹ́ pé ènìyàn inú rẹ̀ kò ju ẹyin tí wọ́n fi ojú méjì sí lára. Ó ń wo ánímè, àwòrán wọn tó ń rìn, ó sì rí i pé ibẹ̀ náà bákan ni: ìlà díẹ̀ ni ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, omi odò tó ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀ sì dà bí èyí tí èèyàn lè bù mu. Ó wá yé e pé kì í ṣe pé àwọn ayàwòrán wọ̀nyí kò mọ imú yà. Wọ́n mọ̀ ọ́n yà dáadáa. Bí àkàbà ni ọ̀rọ̀ náà rí. Ẹyin olójú méjì wà nísàlẹ̀, àwòrán tó dà bíi fọ́tò wà lókè, ayàwòrán tó mọṣẹ́ á sì máa gùn ún, á máa sọ̀ kalẹ̀, bí ìtàn bá ṣe ń fẹ́.

Ó gbé ìwé náà lọ fún bàbá rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Bàbá gbé e sókè, ó gbé e sódì, ó yí i padà.

"Ta ló bí èyí?" ó béèrè. "Ojú bí abọ́, imú bí ìdọ̀tí eṣinṣin."

"Bàbá, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni."

"Olè náà a máa mọ̀ọ́mọ̀ jalè. Jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún ọ, ọmọ mi: ẹni tí kò mọ ọwọ́ yà ló máa ń ya ẹni tó kiwọ́ bọ àpò."

Ìyá rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìṣirò, tí kì í sì í gba ìrẹ́jẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, dá sí i láti inú yàrá: "Ẹ fi ọmọ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ìgbà tí ẹ̀yin náà bẹ̀rẹ̀, ṣé ẹnikẹ́ni mọ ohun tí ẹ̀ ń yà?"

Láti ọjọ́ náà lọ, bàbá kò dárúkọ ìwé náà mọ́. Ọmọ rẹ̀ gba iṣẹ́ ní ilé ìwé ìròyìn, bàbá kò bi í léèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Wọn kò jà o. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú ilé tí gbogbo wọn ń rìn yípo bí àga tí wọ́n gbé sáàárín yàrá.

Ọ̀gá tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn náà jẹ́ obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, tó máa ń rún ìdérí kálàmù lẹ́nu bó bá ń ronú. Lẹ́yìn tí Olójú-ńlá ti bá àwọn ẹlòmíràn ya ilé àti igi fún ọdún mélòó kan, Ọ̀gá fún un ní ìtàn tirẹ̀. Ìtàn opó kan ni, tí ọkọ rẹ̀ kú tó sì fi ọkọ̀ tí wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀ tó bá dẹnu kọlẹ̀ sílẹ̀ fún un. Obìnrin náà pinnu pé òun kò ní tà á, òun á máa wà á ni.

"Àgbàlagbà ló máa kà á," Ọ̀gá wí. "Mi ò fẹ́ ojú abọ́ níbẹ̀. Ya wọ́n bí ènìyàn gidi."

Ó gbọ́ràn. Ó ya orí kìíní bí bàbá rẹ̀ ì bá ṣe yà á, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó sì fẹ̀yìn rìn láti wò ó. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Kò sí ẹ̀mí níbẹ̀ náà. Níbi tí opó ti ń bá awakọ̀ kan tó kó sí kòtò fa ọ̀rọ̀, ṣe ló dà bí ẹni tó jókòó ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Ó ká gbogbo rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó gba ọ́fíìsì Ọ̀gá lọ.

"Ọ̀gá, mo fẹ́ tún un yà. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo fẹ́ gbà yà á nínú ìtàn kan ṣoṣo. Tó bá di ìjà àti ẹ̀fẹ̀, ìlà díẹ̀. Tó bá di ọ̀rọ̀ lásán, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Tó bá dé ibi tó dunni, gbogbo rẹ̀ ni n óò yà, kò ní ṣẹ́ ku ẹyọ irun kan."

"Òǹkàwé á rò pé ènìyàn mẹ́ta ló yà á."

"Wọn ò ní rò bẹ́ẹ̀."

"Tí kò bá wá dáa ńkọ́?"

"Á dáa, Ọ̀gá."

Kò fọ́nnu sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí aránṣọ tó ti wọn aṣọ tán tó wá na ọwọ́ mú àlùmọ́gàjí. Ọ̀gá rún ìdérí kálàmù rẹ̀ díẹ̀, ó ní kó lọ yà á wá kí òun rí i.

Àsìkò yìí gan-an ni ojú bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ó kọ́kọ́ ń bú àwọn tó ń ṣe ọ̀dà, ó ní wọ́n ti ń bomi là á, pé àwọ̀ búlúù wọn kò jọ búlúù mọ́. Lẹ́yìn náà ó kí kóòtù tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé kó máa jókòó. Dókítà ní nǹkan funfun kan ló ń bo ẹyinjú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pé àwọn lè yọ ọ́, àmọ́ àwọn tó wà níwájú pọ̀, ó gbọ́dọ̀ dúró kó kàn án. Bàbá fọ gbogbo búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó kọ ojú àwòrán tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí ògiri, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Ayàwòrán tí kò ríran, kí ló ń jẹ́?" ó wí fún ọmọ rẹ̀.

"Ẹ ṣì ń jẹ́ bàbá mi."

"Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́jọ́ Sátidé, ó sì ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ dání torí ọjọ́ ìtẹ̀wé ti ń sún mọ́lé. Tábìlì bàbá ló ń lò. Bàbá á máa gbọ́ ìró kálàmù. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

"Kí lò ń ṣe tó ń dún họ́ọ́họ́ọ́ bí eku?"

"Àwòrán ni mò ń yà, Bàbá."

"Gbé e wá kí n fi ṣẹ̀sín. Ó pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín."

Ó gba àwọn ìwé náà, ó gbé ojú ewé kìíní sún mọ́ imú. Ìta gbangba ni ọmọ yà síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo bíríkì àti gbogbo fèrèsé. "Mi ò rí nǹkan kan," ni bàbá wí. "Ó dà bíi pé wọ́n da tíì sí i." Ó ṣí èkejì. Ó dúró. Níbẹ̀ ni opó àti awakọ̀ inú kòtò ti ń wọ̀yá ìjà, ìlà tó nípọn ni ọmọ sì fi yà á: orí ńlá, ọwọ́ kan ní ìbàdí, ìka kan lókè, ojú méjèèjì di ìlà méjì, ìpéǹpéjú kan ga ju èkejì lọ.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà jìn débi pé ó ní láti gbá àga mú.

"Ìyá rẹ nìyí!"

"Rárá o, Bàbá. Opó tó ń wa ọkọ̀ ni."

"Opó kẹ̀? Ṣé mo ti kú ni? Mo ní ìyá rẹ ni! Wo bó ṣe gbé ìbàdí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bó ṣe dúró nìyẹn lọ́jọ́ tí mo fi ọ̀dà ba kọ́tìnnì tuntun rẹ̀ jẹ́."

Olójú-ńlá tẹ̀ síwájú, ó wo iṣẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Òótọ́ ni. Ìyá rẹ̀ ni lóòótọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló ti lọ síbẹ̀ láìsọ fún un.

Ìyá gbọ́ ariwo, ó wọlé, ó ń nu omi ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. "Kí lẹ ń fi mí ṣe níbí?" Ó gba ìwé náà. "Èmi rèé? Èmi náà? Imú mi dà?"

"Ìyá ọmọ mi," bàbá wí, "imú kọ́ lo fi ń jà."

"Orí mi tóbi tó báyìí?"

"Lọ́jọ́ kọ́tìnnì, ó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ìyá fẹ́ bínú. Ó gbé ọwọ́ sí ìbàdí, ó na ìka sókè, ó wá rí i pé òun gan-an ló dúró bí àwòrán náà ṣe dúró. Ló bá jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀.

Nígbà tí ìyá padà sí yàrá, bàbá tún gbé ojú ewé náà wò. "Iye ìgbà tí mo ti ya ìyá rẹ kò lóǹkà," ó wí. "Gbogbo ìwúnjọ ojú rẹ̀ ni mo mọ̀. Àmọ́ mi ò yà á bó ṣe ń jà rí."

"Torí pé bó bá ń jà, kì í dúró fún yín."

"Ẹni tó bá ti jókòó fún mi, ó ti palẹ̀ ara rẹ̀ mọ́ nìyẹn." Ó fọwọ́ ra ojú. "Kí lo yọ kúrò níbẹ̀? Báwo lo ṣe mọ èyí tó yẹ kó o fi sílẹ̀?"

Ọmọ náà ti ń dúró de ìbéèrè yẹn láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ bàbá, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bàbá ló ń kọ́kọ́ wo gbogbo ojú ewé tó bá jáde. Bó bá mọ ẹni tó wà níbẹ̀ àti bí inú rẹ̀ ṣe rí, wọ́n á kọjá sí èyí tó kàn. Àmọ́ wọn ò fi ìyìn nìkan bá ara wọn lò o. Wọ́n dé ibi tí opó ti kọ́kọ́ wọ inú ọkọ̀ lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, tó gbé ọwọ́ lé sítíárìn, níbi tí ọwọ́ olóògbé ti lọ̀ ọ́ dán. Bàbá gbé ojú ewé náà sún mọ́ imú.

"Kí lèyí? Búrẹ́dì?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ni."

"Ọwọ́ opó, lórí ohun tí ọkọ rẹ̀ ń dì mú lójoojúmọ́, lo wá yà bíi búrẹ́dì? Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé ẹ̀ ń gun àkàbà! Gùn ún! Ya iṣan. Ya èékánná. Kí ẹni tó ń kà á mọ̀ pé ọwọ́ yẹn tutù."

"Bí mo bá yà á bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ò ní rí i."

"Èmi kọ́ ló ń ra ìwé yín. Gbé ọwọ́ rẹ wá."

Ó di ọwọ́ òsì ọmọ rẹ̀ mú, ó fi àtàńpàkò tọ egungun kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa bà sí àti ibi tí òjìji máa wọ̀ sí, bí ẹni tó ń rí i kedere. Ọmọ náà fi ọwọ́ ọ̀tún ya ọwọ́ òsì. Ojú ewé odindi ni ọwọ́ náà gbà, kò sì kọ ọ̀rọ̀ kan sí i.

Ọ̀gá ka ìtàn náà lórí ìdúró. Nígbà tó dé ibi ìjà inú kòtò, ẹ̀rín mú un, tíì dà sí i lẹ́sẹ̀. Nígbà tó dé ibi ọwọ́, ó fa àga, ó jókòó. Kò rún ìdérí kálàmù kankan.

"Ọkọ tèmi náà ní ọkọ̀ kan," ó wí, kò sì parí rẹ̀. Ó pa ìwé náà dé. "Gbé e lọ síbi ìtẹ̀wé. Ọ̀nà mẹ́ta tó o ní o fẹ́ gbà yẹn, mi ò tiẹ̀ rí i. Obìnrin náà nìkan ni mo ń rí."

"Mo sọ fún yín, Ọ̀gá."

"O sọ fún mi, o sì tún ń rán mi létí. Bọ́ síta."

Ìtàn náà tà. Àwọn awakọ̀ ń rà á ní ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń yí padà, wọ́n ń jókòó kà á lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ wọn, Olójú-ńlá sì ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé àjà kẹta. Àgbà ni wọ́n, onírùngbọ̀n ni wọ́n, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó béèrè ibi tí imú opó wọlé sí.

Nígbà tó kan bàbá, wọ́n ṣe iṣẹ́ ojú rẹ̀, ó sì yọrí. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ kúrò lójú rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò. Ó wò ó pẹ́.

"O ti darúgbó," bàbá wí.

"Ẹ̀yin náà, ẹ lọ wo dígí."

Ó lọ wò ó, ó sì béèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ni bàbá yìí. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n kó gbogbo ìwé ìròyìn náà wá fún òun. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, ó gbé e jìnnà sí ojú bó ṣe yẹ. Ọkàn ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ balẹ̀. Bàbá tí kò ríran ti gba tirẹ̀. Ṣé bàbá tó ríran kò ní padà sí ọ̀rọ̀ abọ́?

Bàbá gbé èyí tó kẹ́yìn kalẹ̀. "Ojú wọn ṣì tóbi jù," ó wí.

"Bàbá!"

"Táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí kò sì kanlẹ̀. Ó ń fò."

Ọmọ wò ó. Ó ń fò lóòótọ́.

"Lọ tún táyà ṣe," bàbá wí. "Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá ní kó o fọwọ́ kan ojú obìnrin yẹn, ní kó wá bá mi."

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ pinnu pé àwọn á sọ ìtàn náà di ánímè, wọ́n sì fi Olójú-ńlá ṣe olórí àwọn tó máa yà á. Wọ́n kó tábìlì púpọ̀ sí i wọ inú yàrá náà, ó sì di pé gbogbo ìgbà ni ẹnìkan ń pè é, "Ọ̀gá, ẹ wá wò ó." Bàbá gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti wá wo ibẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ń mí hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀, ó ń yọjú sí tábìlì kan, ó ń kúrò níbẹ̀ lọ sí òmíràn. Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ na ọwọ́ sókè.

"Ọ̀gá, òjò ibí yìí ńkọ́? Ṣé ká yà á bí òjò gidi ni, àbí ká kàn fa ìlà?"

"Ta ló ń rọ̀ sí lára?" Olójú-ńlá béèrè.

"Obìnrin náà ni. Ó ń bọ̀ láti ibi ìsìnkú."

"Òjò gidi ni kó o yà. Kí omi wọ inú bàtà rẹ̀. Kí aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn lára."

"Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

Gbogbo yàrá gbọ́ bí bàbá ṣe tún ọ̀fun ṣe lẹ́yìn. Olójú-ńlá kò bojú wẹ̀yìn.

"Ìlà méjì ti tó," ó wí. "Òjò yẹn ló ń bá a sunkún."

Bàbá ronú sí i díẹ̀. Ó wá wá àga kan tó ṣófo, ó fà á mọ́ tábìlì tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ó sì ní kí ẹnìkan yá òun ní pẹ́ńsù.